Gbogbo Ìlà Ló Ń Lọ Kí Ọ̀gá Pátápátá

Kí n tó pe oyè ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, kí ẹni tó bá gbé ìkòkò ka iná lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ná, torí a ó pẹ́ níbẹ̀. Òun ni Olùdarí Àgbà fún Afẹ́fẹ́, Ìgbì Afẹ́fẹ́, Eríálì àti Gbogbo Ọ̀rọ̀ Tí Kò Gba Inú Wáyà Kọjá. Òun ni Alága Ìgbìmọ̀ Tó Ń Bójú Tó Àwọn Ìgbìmọ̀. Òun náà ni Baba Ìsàlẹ̀ Gbogbo Onírédíò. Ìyókù wà lẹ́yìn káàdì rẹ̀, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ wínníwínní. Òṣìṣẹ́ tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ò lè ka gbogbo ìyẹn tán kó tó tọrọ àyè, ni wọ́n bá gé e kúrú sí Ọ̀gá Pátápátá. Inú rẹ̀ dùn sí i. Ó rò pé ọ̀wọ̀ ni.

Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ò le láti ṣàlàyé. Gbogbo ohun tó ń fi afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀ nílùú náà, ìbáà ṣe fóònù, ìbáà ṣe rédíò àwọn panápaná tàbí ti áńbúláǹsì, abẹ́ rẹ̀ ló wà. Bí ariwo bá wọ inú afẹ́fẹ́ tí àwọn èèyàn ò gbọ́ ara wọn mọ́, ilé-iṣẹ́ yìí ló yẹ kó wá ibi tí ariwo náà ti ń jáde, kó sì pa á lẹ́nu mọ́. Nínú ilé alájà mẹ́rin tó kún fún àwọn ọ̀gá kéékèèké yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ iṣẹ́ ọ̀hún ṣe. Obìnrin ni. Ó ti lé lógójì ọdún, ó ga, ó gbẹ, kì í bá ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín ẹ̀tàn, kì í sì í jáde láìgbé eríálì onírin gígùn kan dání, èyí tó rí bí egungun ẹja. Àǹtí Eríálì ni wọ́n ń pè é.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ rèé. Bó bá na eríálì náà síbi tí ariwo ti ń bọ̀, abẹ́rẹ́ ojú ẹ̀rọ tó gbé kọ́rùn á gbéra sókè. Bó bá yí i síbòmíràn, abẹ́rẹ́ á wálẹ̀. Á fa ìlà kan sórí máàpù láti ibi tó dúró sí lọ síhà ibi tí ariwo ti le. Á tún lọ dúró síbòmíràn, á fa òmíràn. Ibi tí àwọn ìlà bá ti pàdé, ibẹ̀ ni ọ̀daràn wà. Ọ̀nà yìí ò tíì já a kulẹ̀ rí, torí pé ẹ̀rọ ò mojú, kò sì mọ oyè.

Lọ́jọ́ Ajé kan báyìí, ariwo kan wọ inú rédíò àwọn áńbúláǹsì. Ó ń dún ṣììì, bí ìgbà tí èèyàn bá da omi sínú epo gbígbóná. Ẹni tó ń pín iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn á sọ gbólóhùn kan, ìdajì rẹ̀ ló máa dé etí àwọn awakọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, obìnrin kan ń rọbí ní Òpópónà Kẹta, áńbúláǹsì sì dúró ní Òpópónà Kẹtàlá, ó ń fun fèrè kíkankíkan fún àwọn tí kò lóyún. Orí àtẹ̀gùn ni obìnrin náà bímọ sí. Bíríkìlà kan tó ń gbé lókè ló fi fìlà rẹ̀ gba ọmọ. Ìyá yè, ọmọ yè, fìlà ò yè.

Awakọ̀ tó dúró ní Òpópónà Kẹtàlá ọ̀hún, àbúrò Àǹtí Eríálì ni, ọmọ ìyá kan náà. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti fi wa áńbúláǹsì, kò sì pẹ́ dé ibì kan rí.

Ọ̀gá Pátápátá ò béèrè ibi tí ariwo ti wá. Ẹni tó ya aláìgbọràn ló béèrè. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, nígbà tó ti ìpàdé ọjọ́ mẹ́rin lókè òkun dé, ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sí gbọ̀ngàn, ó wọlé lẹ́yìn tí wọ́n ti dúró fún ogójì ìṣẹ́jú, wọ́n pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi pọ́n, ó ní kí wọ́n dákẹ́, wọ́n dákẹ́, ó wá bínú pé wọ́n tètè dákẹ́ jù.

"Èmi!" bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń bẹ̀rẹ̀. "Èmi tí afẹ́fẹ́ ń tọrọ àyè lọ́wọ́ mi kó tó fẹ́! Rédíò tí mo fi ọwọ́ ara mi gé rìbọ́ọ̀nù rẹ̀! Awakọ̀ lásán-làsàn wá ń sọ pé òun ò gbọ́? Àìgbọ́ kọ́ nìyẹn. Àìgbọràn ni!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà!" Akọ̀wé rẹ̀ ló fèsì, ọkùnrin onírẹ̀lẹ̀ kan tí ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀ síwájú nítorí ìforíbalẹ̀. Orúkọ tí wọ́n ń pè é náà nìyẹn: Bẹ́ẹ̀-ni-sà.

"Mínísítà ń bọ̀ níbí lọ́jọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n ń bọ̀ wá ṣí Ọ̀sẹ̀ Afẹ́fẹ́ Mímọ́. Níwájú wọn, èmi fúnra mi máa pe awakọ̀ yẹn lórí rédíò. Bí kò bá dá mi lóhùn, kó kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó máa lọ sílé!"

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àbúrò wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé. Kò lè jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo fi Ọlọ́run búra, mi ò gbọ́ ju 'Kẹt...' lọ, ariwo gba ìyókù. Àbí 'Kẹtàlá' ni wọ́n pè? Èmi gan-an ò mọ ohun tí mo gbọ́ mọ́."

"Jókòó, jàre. Ṣé èmi lò ń búra fún?"

"Iṣẹ́ yìí nìkan ni mo mọ̀, Àǹtí mi. Bí wọ́n bá lé mi pé mo ń gbọ́ ìpè aláìsàn, mi ò dáhùn, ta ló máa gbé ọkọ̀ fún mi láyé mọ́?"

"Ẹnikẹ́ni ò ní í lé ọ," ni Àǹtí Eríálì wí. Ẹ̀rù ń bà á bó ṣe ń sọ ọ́. "Fi mí sílẹ̀ kí n wá ariwo yẹn rí. Ọjọ́ mọ́kànlá ṣì wà."

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó wà lórí òrùlé. Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ọjọ́ Ajé tí ariwo bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n gbé pátákó oníná kan dúró sókè ilé-iṣẹ́ náà. Àwòrán ojú Ọ̀gá Pátápátá ló wà níbẹ̀, ó tóbi tó ilé kékeré, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pọ́n, ó ń di àwọ̀ ewé, ó ń di àwọ̀ ojú ọ̀run, lẹ́yìn náà á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Àwọn àpótí iná pẹlẹbẹ ogójì ló wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń fún un lágbára. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì sọ fún Ọ̀gá.

Ọ̀gá Pátápátá fọwọ́ sí ìwé àṣẹ méjì nípa ilé náà. Àkọ́kọ́ sọ pé níwọ̀n bí a kì í ti í nawọ́ sí ojú àgbà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ na ìka, igi, ọ̀pá tàbí ẹ̀rọ sí ilé tí Ọ̀gá jókòó sí. Èkejì sọ pé bí ọkọ̀ Ọ̀gá bá ti ń wọ géètì, kí wọ́n tan pátákó, kí gbogbo ìlú mọ̀ pé Bàbá ti dé. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ pa á, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, àfi bí ọkọ̀ náà bá ti kọjá géètì síta. Ajagunfẹ̀yìntì kan ni wọ́n fi ṣọ́ ọ. Wọ́n ń pe òun ní Bàbá Pátákó.

Àǹtí Eríálì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n ní kí Bẹ́ẹ̀-ni-sà máa bá a kiri kó lè rí i pé kò rú òfin àkọ́kọ́. Wọ́n gun òrùlé ilé ìwòsàn. Ó na eríálì sí ìlà oòrùn, abẹ́rẹ́ sùn. Ó nà án sí gúúsù, abẹ́rẹ́ mira díẹ̀. Ó ń yí i bọ̀ díẹ̀díẹ̀ síhà ilé-iṣẹ́ wọn, abẹ́rẹ́ ń gòkè, ó ń gòkè.

"Ẹ yí i! Ẹ yí i kúrò!" Bẹ́ẹ̀-ni-sà ti fò mọ́ eríálì. "Àǹtí, ilé Ọ̀gá lẹ nà án sí yẹn!"

Wọ́n lọ sẹ́yìn ilé ìwé. Bákan náà ni. Wọ́n lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfowópamọ́, wọ́n lọ sójú títì níwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, wọ́n lọ síbùdókọ̀ àti síbi méjì mìíràn. Níbi méje, abẹ́rẹ́ gòkè síhà kan náà, níbi méje, Bẹ́ẹ̀-ni-sà pariwo. Níkẹyìn, Àǹtí Eríálì bi í léèrè lóhùn kékeré.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò rí i ni?"

Akọ̀wé wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Mo rí i, Àǹtí. Ọmọ mẹ́ta ni mo ní nílé ìwé. Láti aago mẹ́jọ sí aago mẹ́rin, ojú mi kì í ríran."

Àǹtí Eríálì ò lè bínú sí i, ìyẹn gan-an ló sì bí i nínú jù.

Ó gbé máàpù lọ síwájú Ọ̀gá ní gbọ̀ngàn, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ pé jọ sí. Ìlà méje ló wà lórí rẹ̀, wọ́n wá láti igun méje ìlú, gbogbo wọn dojú kọ ibì kan, gbogbo wọn sì dúró lẹ́bàá ọgbà ilé-iṣẹ́ náà bí òfin ṣe wí. Ọmọ ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ì bá ti rí i. Ọ̀gá Pátápátá wo máàpù náà títí, ojú rẹ̀ ń dán.

"Ẹ wò ó!" Ohùn rẹ̀ gbọ̀n. "Ẹ wo bí gbogbo ìlà ṣe ń bọ̀ wá kí mi! Wọ́n wá láti gbogbo ìpínlẹ̀ ìlú, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà mi, wọ́n dúró, wọn ò yájú wọlé!"

Gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n fi gíláàsì bo máàpù náà, wọ́n sì gbé e kọ́ sí yàrá àlejò. Mi ò purọ́ mọ́ wọn.

"Sà," ni Àǹtí Eríálì wí nígbà tí àtẹ́wọ́ rọlẹ̀, "ọ̀rọ̀ kan ṣì kù." Ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. "Ojoojúmọ́, ariwo yìí ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ń dáwọ́ dúró kí aago mẹ́rin tó lù. Lọ́jọ́ mẹ́rin tí ẹ lọ sípàdé lókè òkun, kò dún rárá."

Ẹnì kan tó fẹ́ wúkọ́ gbé ikọ́ náà mì. Ọ̀gá Pátápátá ń wo ìwé náà, ọ̀rọ̀ náà sì ti ń sún mọ́ ọpọlọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó kù bí ìṣísẹ̀ méjì kó wọlé, ni Bẹ́ẹ̀-ni-sà bá sáré dí ọ̀nà mọ́ ọn.

"Ọ̀tá ni, sà! Bí wọ́n bá ti rí i pé ẹ dé, ara wọn á gbóná, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ibi wọn! Bí ẹ ò bá sí nílé, ta ni wọ́n fẹ́ bá jà?"

"Àwọn ọ̀tá mi!" Inú Ọ̀gá dùn dé ìka ẹsẹ̀. Ó pẹ́ tó ti ń wá wọn.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà, àṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí òjò sórí gbogbo ẹ̀rọ tí ọ̀tá lè fi pariwo. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà pa. Wọ́n gba gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ gbóná lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n kó wọn jọ sí yàrá Ọ̀gá, níbi tí ọ̀kan nínú wọn ti ń gbé oúnjẹ Ọ̀gá gbóná. Wọ́n já wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, wọ́n gba ẹ̀rọ ìgẹrun lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹ ìdajì orí olùkọ́ kan. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni olùkọ́ náà fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ìdajì àti ìdá mẹ́rin, kò sì nílò àpèjúwe kankan lójú pátákó ìkọ̀wé. Paríparí rẹ̀, Ọ̀gá ní kí wọ́n gbé pátákó oníná kejì, tó ní ojú rẹ̀ bíi ti àkọ́kọ́, tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ̀rù lè ba àwọn ọ̀tá. Láti ọjọ́ yẹn lọ, rédíò àwọn panápaná náà ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ó ku ọ̀la kí Mínísítà dé, Àǹtí Eríálì gun òrùlé lọ bá Bàbá Pátákó.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ìṣẹ́jú méjì péré. Ẹ pa á kí n gbọ́ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ àbúrò mi ló wà nídìí ẹ̀."

Bàbá mú ìwé àṣẹ jáde láti àpò àyà. Ó ti wé e sínú ọ̀rá. "Ọmọ mi, mo ti jagun lẹ́ẹ̀mejì. Ìbọn ò rí mi pa. Ìwé tí ọ̀gá fọwọ́ sí ni mo bẹ̀rù. Kọjá géètì síta ni wọ́n kọ síbí. Ṣé Ọ̀gá ti kọjá géètì?"

"Rárá, Bàbá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó tún ìwé náà wé. Bí ọ̀bẹ bá mú títí, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń pa ariwo ìlú lẹ́nu mọ́ ò rí ẹni pa tirẹ̀. Àǹtí Eríálì sọ̀kalẹ̀, kò sì sùn lóru ọjọ́ yẹn.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé. Wọ́n to àga sínú ọgbà. Mínísítà dé láìfun fèrè: ìyá àgbàlagbà kúkúrú kan tó wọ bàtà pẹlẹbẹ, tó sì ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀gá Pátápátá sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ fún ìfọwọ́sowọ́pọ̀ rẹ̀. Ó ní kí àwọn èèyàn mí kanlẹ̀ kí wọ́n gbọ́ bó ṣe mọ́ tó, wọ́n sì mí kanlẹ̀. Lókè orí rẹ̀, àwòrán ojú rẹ̀ méjèèjì ń pọ́n, wọ́n ń di àwọ̀ ewé, wọ́n ń ṣẹ́jú.

Ó wá gbé rédíò. "Áńbúláǹsì Kìíní! Áńbúláǹsì Kìíní! Èmi Olùdarí Àgbà fún Afẹ́fẹ́, Ìgbì Afẹ́fẹ́, Eríálì..." Ó pe oyè náà tán. Ó tẹ́tí. Ṣììì. Ó tún un pè, ó fi èyí tó wà lẹ́yìn káàdì kún un. Ṣììì.

"Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ, Mà," ló wí, inú rẹ̀ sì dùn bí ẹni tó jàre ẹjọ́. "Ó ń gbọ́ mi. Kò fẹ́ dáhùn ni. Akọ̀wé, ẹ kọ ìwé ìléniṣẹ́ rẹ̀ kí n fọwọ́ sí i níbí."

Àǹtí Eríálì dìde.

"Ẹ má bínú, Mà. Àbúrò mi ni. Kò gbọ́ ni, kì í ṣe pé kò dáhùn. Ariwo ló bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀."

"Ariwo láti ibo?" ni Mínísítà bi í.

"Mi ò tíì lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀, Mà. Gbogbo ìlú ni mo ti na eríálì sí tán. Apá kan ló kù."

"Apá wo?"

Àǹtí Eríálì di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn. "Òfin ò gbà kí n nawọ́ síbẹ̀, Mà."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì sọ ọ́ di ikọ́. Mínísítà wo obìnrin náà, ó wo Ọ̀gá Pátápátá, ó wá wo òkè, níbi tí ojú méjì ti ń ṣẹ́jú sí i.

"Nà án."

Ó na eríálì. Abẹ́rẹ́ fò dé òpin, ó sì dúró síbẹ̀, ó ń gbọ̀n. Ó gbé ẹ̀rọ náà sún mọ́ Mínísítà kó fi ojú ara rẹ̀ rí i. "Àwọn àpótí iná ẹ̀yìn pátákó yìí ni, Mà. Wọn ò ní ohun tó ń dá ariwo wọn dúró, inú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń dà á sí."

"Ẹ pa á."

Wọ́n pariwo pe Bàbá Pátákó. Ó yọjú létí òrùlé, ó kí Mínísítà bí ológun, ó tú ọ̀rá, ó sì ka ìwé àṣẹ náà sókè látìbẹ̀rẹ̀ dópin, títí kan déètì.

"Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i?" ni Mínísítà bi Ọ̀gá.

"Èmi ni, Mà, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé..."

"Mo gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ wọ ọkọ̀ yín, kí ẹ kọjá géètì."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó wọ ọkọ̀. Dẹ́rẹ́bà rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n wa ọkọ̀ jáde. Ojú méjì kú lókè. Lójú ẹsẹ̀ náà, ariwo dá nínú rédíò bí ìgbà tí wọ́n ti ẹ̀rọ omi, ohùn ọkùnrin kan sì jáde ketekete, ó ti fẹ́ sunkún: "...Áńbúláǹsì Kìíní nìyí, mo ń bẹ̀ yín, ṣé ẹnikẹ́ni ń gbọ́ mi?"

Àǹtí Eríálì já rédíò gbà lórí tábìlì. "Mò ń gbọ́ ẹ, àbúrò mi. Gbogbo wa là ń gbọ́ ẹ."

Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ ni oníṣẹ́ ń jẹ́. "Ẹ̀ẹ̀kan ò tó, Mà," ló wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta là ń dán an wò ká tó kọ ọ́ sílẹ̀."

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló yẹ," ni Mínísítà wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà!" ni Akọ̀wé fèsì. Ẹ̀gbẹ́ àga Mínísítà ló wà báyìí, mi ò mọ ìgbà tó débẹ̀.

Wọ́n ní kí Ọ̀gá wọlé. Pátákó tàn, ariwo dé. Wọ́n ní kó jáde. Pátákó kú, ohùn mọ́. Ó tún wọlé, ó ti gbé gíláàsì fèrèsé sókè, òógùn sì ti bo ojú rẹ̀, ariwo dé. Onígbàjámọ̀ àti wẹ́dà ti wá dúró létí ọgbà, olùkọ́ onídajì-orí náà wà níbẹ̀, wọ́n ń kà á sókè. Ó jáde lẹ́ẹ̀kẹta. Bí ohùn ṣe mọ́, ìpè gidi kan wọlé láti ilé ìwòsàn: bàbá àgbàlagbà kan ṣubú nínú balùwẹ̀, ilé aláwọ̀ búlúù lẹ́yìn ilé ìkàwé, àjà kejì.

"Mo ti gbọ́," ni àbúrò wí. "Ẹ̀yìn ilé ìkàwé, àjà kejì. Mo ti ń lọ." Wọn ò tún un sọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí Ọ̀gá wà nílùú, fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sẹ́ni tó ní láti tún nǹkan kan sọ, gbogbo ọgbà sì ń tẹ́tí sí bí fèrè áńbúláǹsì ṣe ń jìnnà lọ.

Mínísítà dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. "Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà yìí," ló wí fún onígéètì. "Ẹ ti géètì."

Onígéètì tì í. Níta, fèrè ọkọ̀ dún lẹ́ẹ̀kan, ó dún lẹ́ẹ̀mejì, ó wá ń dún láìdáwọ́ dúró. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gbọ́ ìlẹ̀kùn ọkọ̀, wọ́n gbọ́ bàtà, ẹnì kan sì fi ọwọ́ gbá irin. Onígéètì ṣí fèrèsé kékeré tó wà lára géètì, ó yọjú, ó rí ẹni tó dúró síbẹ̀, ó sì tẹríba bó ti máa ń ṣe.

"Ẹ má bínú, sà," ló wí. "Ọ̀gá ò sí nílé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni."